Okùn Kan Ṣoṣo Ló Wọn Pápá Méje

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà náà dé. Ìyá Pápá wà lórí pápá bọ́ọ̀lù, ó ń fa ìlà. Ó ti po ẹfun mọ́ omi nínú agolo tí wọ́n dá ihò sí nídìí, ó so agolo mọ́ ọ̀pá, ó sì ń rìn lọ jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun, kí ẹfun lè máa kán sórí koríko lẹ́yìn rẹ̀ ní funfun báláú. Bí ó bá ti ń fa ìlà, orin ni. Ìwé mẹ́ta péré ló kà kí ó tó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣe pé orin ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, òun ni ì bá máa kọ́ àwọn tíṣà.

Ẹ má tẹ ìlà mi o,
Ilẹ̀ pọ̀ tí ẹ lè tẹ̀.
Ẹni tó bá tẹ ìlà mi,
Á bá mi tún un fà.

Ibi tó bá orin dé nìyẹn tí ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin fi sáré dé. Pẹ́pẹ́yẹ ni gbogbo Ilé-ìwé Girama Orí Òkè ń pe ọmọ náà nítorí bó ṣe ń rìn, tí ìdí rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, tó ń lọ sósì. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù máa bọ̀ lójú góòlù ná, kí ẹ wá rí bí pẹ́pẹ́yẹ ṣe ń fò. Òun ni aṣọ́lé ikọ̀ àwọn obìnrin, òun náà sì ni balógun wọn.

"Ìyá àgbà, ẹ dúró. Ọ̀gá àgbà ní kí ẹ má fa ìlà mọ́."

"Kí ló dé? Ẹfun ti tán láyé ni?"

"Wọ́n fẹ́ lé wa."

"Wọ́n fẹ́ lé ta ni?"

"Gbogbo wa. Wọ́n fẹ́ yọ ilé-ìwé wa kúrò nínú Ẹgbẹ́ Eré. Lẹ́tà ti dé."

Ìyá Pápá wo ọmọ náà, ó wo ìlà tó fà dé ìdajì. "Ọmọ mi, ìlà kì í ní ìdajì. Jẹ́ kí n parí èyí kí n tó lọ gbọ́ ìsọkúsọ."

Ó sì parí rẹ̀, kò yára.

Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kò tóbi. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi bíríkì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí kì í tì, àti fáànù tó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ó mọ iṣẹ́, ó fẹ́ràn ọmọ, àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé lẹ́tà máa ń dẹ́rù bà á.

"Ẹ jókòó, Màmá."

"Ẹ jẹ́ kí n wà ní ìdúró, ọ̀gá wa. Ẹ kà á sí mi létí."

Ọ̀gá àgbà kà á. Ó ní ìwé òfin Ẹgbẹ́ Eré, orí kẹrin, sọ pé ilé-ìwé tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní pápá tó gùn tó àádọ́rùn-ún mítà. Ó ní wọ́n ti wọn pápá Orí Òkè, mítà mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó ní ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, wọn yóò yọ orúkọ Orí Òkè kúrò, wọn yóò sì fi ilé-ìwé mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọ ilé-ìwé mìíràn náà. Ilé-ìwé Onígíláàsì ni, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sẹ́bàá títì ńlá, tí fèrèsé rẹ̀ ń dán wòòò, tí koríko pápá rẹ̀ kì í ṣe koríko rárá, rọ́bà ni.

"Mẹ́ta ló dín," ni Ìyá Pápá wí.

"Mẹ́ta ló dín, Màmá. Akọ̀wé tuntun Ẹgbẹ́ Eré ló wá wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin náà rí i."

"Mo rí i. Kò kí mi. Mo ní bóyá ilẹ̀ ìsìnkú ló ń wá."

Pẹ́pẹ́yẹ bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bó bá ṣe ilé-ìwé mìíràn ni, wọ́n á ro ilẹ̀ díẹ̀ sí i. Àwa ńkọ́? Àpáta ló wà lókè, ọ̀gbun ló wà nísàlẹ̀. Tí a bá fa góòlù sẹ́yìn ní mítà kan péré, aṣọ́lé wa á máa fò mú bọ́ọ̀lù ní àfonífojì. Mo fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ Sátidé. Màá kúnlẹ̀."

"Ẹ̀bẹ̀ kí ni? Ta la ṣẹ̀?"

"Màmá, mẹ́ta dín."

"Mo gbọ́, ọ̀gá wa. Mo ní, ta la ṣẹ̀?"

Ẹ jẹ́ ká sọ bí Ẹgbẹ́ Eré ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè yé gbogbo wa. Kí Ẹgbẹ́ Eré tó wà, ìjà ló wà. Ilé-ìwé girama méje ni agbègbè náà ní, wọ́n sì máa ń bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n òkúta ni wọ́n fi ń túká. Àwọn Ojú Irin á ní pápá Ẹ̀yìn Ọjà kò gùn ju ẹní lọ. Àwọn Ẹ̀yìn Ọjà á ní ti Ojú Irin gùn débi pé ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀, ọ̀sán ni yóò tó bá a. Ẹsẹ̀ ni oníkálukú fi ń wọn tirẹ̀, ẹsẹ̀ tíṣà kan kì í sì í dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì.

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta sẹ́yìn ni tíṣà eré kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, pe àwọn ọ̀gá méjèèje jọ sínú kíláàsì kan ní Orí Òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìwé òfin. Tíṣà eré ní òun kò fẹ́ ẹsẹ̀ mọ́, okùn lòun fẹ́. Wọ́n gé okùn ọgbọ̀n mítà, wọ́n gbé e káàkiri ilé-ìwé méjèèje, wọ́n ń nà án lẹ́ẹ̀mẹta ní pápá kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀n. Ọgọ́ta. Àádọ́rùn-ún. Ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún tó ń gé koríko ní Orí Òkè ló bá a di orí okùn mú, tíṣà di ìdí. Ọmọbìnrin náà nìyẹn tó di Ìyá Pápá. Tíṣà náà ti di arúgbó, òun ni Alága Ẹgbẹ́ Eré títí di òní.

Ohun tí ẹgbẹ́ náà sì ti rí kò kéré. Ẹ̀yìn Ọjà bínú jáde nígbà kan nítorí góòlù tí rẹfirí kò kà, ọdún méjì ni wọ́n fi wà níta kí wọ́n tó padà wá bẹ̀bẹ̀. Odò kún bo pápá Etí Odò lọ́dún mìíràn, Orí Òkè ló yá wọn ní tirẹ̀ fún odindi ọdún kan, tí Ìyá Pápá ń fa ìlà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí kò sì ráhùn. Kò sí ẹni tó mú tépù wá nígbà yẹn.

Nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, ó padà sórí pápá, ó sì rìn ín láti àpáta dé ọ̀gbun. Inú rẹ̀ kò dùn. Kì í ṣe Akọ̀wé ló ń bí i nínú báyìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Àbí ọwọ́ yìí ló yọ̀ lórí okùn lọ́jọ́ náà? Àbí òun ló fà á tì? Bí wọ́n bá yọ Orí Òkè kúrò, ta ni yóò wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù? Pápá tí ẹnikẹ́ni kò bá gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, ìgbẹ́ ni, kò ní ju ọdún kan lọ. Pẹ́pẹ́yẹ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa gbá a láàárín ara wọn bí ẹni tó ń bá ògiri ta ayò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ṣú. Bí òjò bá ti ṣú, iṣẹ́ kan wà tí Ìyá Pápá kì í fi falẹ̀: ó gbọ́dọ̀ tú okùn nẹ́ẹ̀tì góòlù kó dẹ̀ díẹ̀. Okùn tí wọ́n fi so nẹ́ẹ̀tì mọ́ èèkàn, bó bá ti mu omi, ńṣe ló ń súnkì. Ó gbàgbé lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, òjò ọjọ́ kan péré fa èèkàn mẹ́fà tu, ó sì wọ́ igi góòlù bí ẹni tí inú ń run. Láti ọjọ́ náà, kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó balẹ̀, ó ti wà nídìí èèkàn.

Ó tú ti apá ọ̀tún, ó kọjá sí apá òsì. Òjò ti dé. Ó di okùn mú, ó ń wò ó bó ṣe ń wú, bó ṣe ń le, bó ṣe ń fà.

Ó dúró.

Okùn tó bá mu omi, kíkúrú ló ń kúrú. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì rò ó kan ọ̀rọ̀ okùn àtijọ́ rí. Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi wọn pápá méjèèje, ǹjẹ́ òjò dá? Kò dá! Aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹrẹ̀ dé orókún, okùn náà wúwo bí ejò tó jẹun yó. Gbígbẹ ni wọ́n ti gé e ní ọgbọ̀n. Tútù ni wọ́n nà á sílẹ̀. Bó bá dín ní mítà kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì nà án lẹ́ẹ̀mẹta...

Ìyá Pápá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú òjò. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi góòlù mú. Okùn kan ṣoṣo ni. Pápá méje ni. Bí ó bá purọ́ fún Orí Òkè, ta ni kò purọ́ fún?

Bíríkìlà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ó sì ní tépù onírin tó gùn. Ọjọ́rú ni Ìyá Pápá lọ bá a níbi tó ti ń rẹ́ ògiri.

"Dìde, ká lọ wọn pápá Ojú Irin."

"Ẹ̀gbọ́n mi, pápá Ojú Irin? Ọjọ́ orí yín ti kọjá fífo fẹ́ǹsì."

"Ta ló fẹ́ fo fẹ́ǹsì? Ẹnu géètì la ó gbà wọlé, a ó sì kí ẹni tó bá wà níbẹ̀. Olè ló ń fo fẹ́ǹsì."

"Tí wọ́n bá lé wa ńkọ́?"

"Ṣé àwọn náà á wá mú lẹ́tà wá ni? Wá, mo ní kí o wá."

Bàbá kan ló ń gé koríko ní Ojú Irin, Bàbá Agékoríko ni wọ́n ń pè é. Òun àti Ìyá Pápá ti mọra tipẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú pápá máa ń yá ara wọn lẹ́fun, wọ́n sì máa ń bú ara wọn nítorí koríko. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́."

"Wọn ò ní lé ọ. Ta ni wọ́n máa rí tó máa fara da ẹnu Akọ̀wé, tíṣà yín yẹn?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó di orí tépù mú fúnra rẹ̀. Bíríkìlà na ìyókù. Wọ́n rìn láti góòlù dé góòlù. Bíríkìlà tẹjú mọ́ tépù, ó nu ún, ó tún tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Èló ni?"

"Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún."

Bàbá Agékoríko jókòó sórí koríko. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń fa ìlà yìí! Èmi ò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń fi ẹfun kùn."

"Irọ́ gbogbo wa ni," ni Ìyá Pápá wí. "Dìde, ránṣẹ́ sí àwọn yòókù."

Kó tó di àṣálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwọn tó ń tọ́jú pápá ti ránṣẹ́ dé láti ilé-ìwé gbogbo. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ṣáá, àfi ti Etí Odò tó tún fi ẹsẹ̀ kan dín sí i, nítorí odò ti jẹ létí rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ yá ìwé òfin lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà, ó ka orí kẹrin sí ìyá rẹ̀ àgbà létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, Ìyá Pápá ní, "Tún ibẹ̀ kà." Ó tún un kà. Màmá ní, "Ìgbà kẹta." Nígbà tó máa fi parí ti ìgbà kẹta, màmá ti fi ṣe orin.

Gbọ̀ngàn Ojú Irin ni wọ́n ti ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé. Àga gígùn ni àwọn ọ̀gá méjèèje jókòó lé. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ife ẹ̀yẹ mọ́kànlá tí Ojú Irin ti gbà tò sínú rẹ̀, wọ́n ń kọ mànà. Alága wà níwájú, ó gbé àgbọ̀n lé ọ̀pá, ó ń tòògbé. Akọ̀wé ló ń ṣe gbogbo nǹkan. Ọmọ Ojú Irin ni, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣe tíṣà. Ọmọ tó mọ ìwé, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í rún, tí ẹnu rẹ̀ sì ń sáré ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Òfin wọn ni pé ọ̀gá àgbà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìyá Pápá kò wọlé. Fèrèsé ló dúró sí, òun, Pẹ́pẹ́yẹ, Bíríkìlà àti Bàbá Agékoríko, orí mẹ́rin tò bí ìkòkò lórí pẹpẹ. Gbogbo òwúrọ̀ ló fi ń wí fún ọ̀gá àgbà pé kó má bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Akọ̀wé ka lẹ́tà tán, tí gbogbo wọn yíjú sí ọ̀gá àgbà, ẹ̀bẹ̀ náà ló tún bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ẹ jọ̀wọ́," ó ní. "Ẹ ṣàánú wa. Ẹ wo ojú àwọn ọmọ..." Orókún rẹ̀ ti ń tẹ̀.

Fèrèsé bá gba orin.

Ife tí ẹ bá gbà lórí pápá kúkúrú,
Asán ni, òfin ló wí.
Ẹ bá wa ka ife inú kọ́bọ́ọ̀dù,
Ká mọ iye asán tó wà níbẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni Akọ̀wé wí. "Màmá, ìpàdé àwọn ọ̀gá ni èyí."

"Ọ̀gá lèmi náà. Ọ̀gá koríko."

Ẹ̀rín sọ. Akọ̀wé na ìka sókè. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Kò sí ẹni tó kórìíra Orí Òkè. Ìwọ̀n ni ìwọ̀n."

"O ṣeun, ọmọ mi. Tún un wí, kí ẹni tó ń sùn lè gbọ́."

"Ìwọ̀n ni ìwọ̀n!"

"Ó dáa. Tiyín ńkọ́, níbí?"

"Àádọ́rùn-ún ni tiwa. Ó wà nínú ìwé."

"Ta ló wọ̀n ọ́n?"

"Ẹgbẹ́ Eré ló wọ̀n ọ́n."

"Ẹgbẹ́ kò lọ́wọ́, ọmọ mi. Mo ní, ọwọ́ ta ló di okùn mú?"

Ìgbà náà ni Alága gbé orí sókè lórí ọ̀pá. Ó wo fèrèsé pẹ́.

"Òun ni," ó ní. "Òun ló di orí okùn. Èmi ló di ìdí."

"Ẹ kú àtijọ́, tíṣà wa," ni Ìyá Pápá wí. "Ẹ rántí òjò?"

"Ta ni yóò gbàgbé òjò yẹn?"

"Okùn ńkọ́? Ẹ rántí bó ṣe wúwo? Okùn tó bá mu omi, ṣé gígùn ló ń gùn ni àbí kíkúrú?"

Ọwọ́ Alága kúrò lórí ọ̀pá, ó bo ẹnu.

"Ọ̀rọ̀ yìí kò gba ẹnu," ni Ìyá Pápá wí. "Akọ̀wé, tépù rẹ wà lápò. Pápá wà níta. Máa bọ̀."

Akọ̀wé ní kò sídìí fún un. Ọ̀gá Etí Odò, ọkùnrin títóbi tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé odò ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, dìde, ó ní, "Ìdí wo lo tún ń wá? Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?" Gbogbo wọn bá rọ́ síta.

Akọ̀wé wọ̀n ọ́n. Ó ní kí wọ́n di orí tépù mú dáadáa, ó tún un wọ̀n. Nígbà tó fẹ́ wọ̀n ọ́n nígbà kẹta, tépù yọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sá wọnú ilé rẹ̀ jàn-án, ó gé e níka díẹ̀.

"Èló ni, ọmọ mi?" ni Ìyá Pápá bi í.

"Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún," ó ní, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́.

"Gbogbo wa nìyẹn. Méjèèje. A ti wọ̀n wọ́n. Ó yá, ka orí kẹrin náà dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe òkè nìkan."

Pẹ́pẹ́yẹ ti na ìwé òfin sí i. Ó kà á, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí ó ti ń kà: ìdíje tí a bá ṣe lórí pápá tí kò tó ìwọ̀n, asán ni, ife tí a bá gbà níbẹ̀, asán ni.

"Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta asán!" ni ọ̀gá Etí Odò kígbe. "Ife mọ́kànlá Ojú Irin! Ẹ gbé wọn jáde ká fi wọ́n mu omi!"

Àwọn ọ̀gá ń pariwo mọ́ ara wọn lórí. Ọ̀kan ní kí wọ́n dá tépù padà sápò, kí wọ́n ṣe bí ẹni pé wọn kò jáde rárá. Òmíràn ní òun kò bá ẹnikẹ́ni wọn nǹkan láyé òun. Alága wá gbé ọ̀pá sókè, gbogbo wọn dákẹ́.

"Mo mọ̀ pé okùn náà tutù," ó ní. "Mo rí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, ebi ń pa mí, mo fẹ́ parí kí n lọ sílé. Mo ní, kí ni òjò fẹ́ fi okùn ṣe? Mo wá fi orí ara mi kọ àádọ́rùn-ún sínú ìwé." Ó yíjú sí Ìyá Pápá. "Ìwọ sì wí fún mi lọ́jọ́ náà pé okùn yìí ń fà mọ́ ọ lọ́wọ́. Mo ní kí o dákẹ́."

Ìyá Pápá kò rántí pé òun wí bẹ́ẹ̀. Ó mi orí. Ọkàn rẹ̀, tó ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ láti ọjọ́ Ajé, balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Akọ̀wé gbọ́n, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ní, "Ó dáa. Ká parí ẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Màá kọ ọ́ pé Ẹgbẹ́ Eré ṣàánú Ilé-ìwé Orí Òkè, ó sì gbà wọ́n láàyè láti máa bá a lọ. Ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ẹni tó tún ń wọn nǹkan."

Àwọn ọ̀gá kan ti ń mi orí pé ó dáa. Ọ̀gá àgbà Orí Òkè wo ilẹ̀, ó wo ìwé tí Akọ̀wé ti ń kọ.

"Rárá o," ni Ìyá Pápá wí. "Àánú kí ni? Ẹni tó jalè là ń ṣàánú. Bí o bá fẹ́ kọ àánú, méje ni kí o kọ, kí o fi Ojú Irin ṣíwájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ ohun tó wà nílẹ̀: pápá méje, ìwọ̀n kan, ọmọ ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Màmá, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tí màá kọ. Ọ̀gá yín nìkan ló lè sọ̀rọ̀."

Gbogbo ojú bá yí sí ọ̀gá àgbà. Ó mí kanlẹ̀. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀ láti òwúrọ̀.

"Ohun tí màmá wí ni mo wí," ó ní. "A ò gba àánú. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kí a gbé ife jáde ní kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lónìí. Èmi náà á bá yín gbé e."

Bàbá Agékoríko pàtẹ́wọ́. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún di ìwọ̀n ẹgbẹ́, wọ́n dín ẹsẹ̀ kan kúrò nítorí Etí Odò, wọ́n sì ní kí Onígíláàsì wá di ẹ̀kẹjọ bó bá wù wọ́n, kò sí ẹni tó ń bá ọmọ ẹlòmíràn jà. Ọ̀gá Etí Odò ní pápá wọn ti gùn jù, kí wọ́n gé mẹ́ta kúrò kí wọ́n tó wọlé. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó ń ṣe àwàdà.

Ìdíje ọdún náà bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, Orí Òkè ló sì kọ́kọ́ gba àlejò. Ta ni àlejò? Ojú Irin ni. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ojú Irin na Orí Òkè. Pẹ́pẹ́yẹ fò sọ́tùn-ún, ó fò sósì, ó mú pẹnáritì kan tó mú kí gbogbo òkè mì, síbẹ̀ góòlù mẹ́rin wọlé, Orí Òkè kò sì rí ẹyọ kan dá padà. Bí rẹfirí ti fọn fèrè ìkẹyìn ni àwọn ọmọ Ojú Irin bẹ̀rẹ̀ sí í jó yí pápá ká.

"Mẹ́rin sí òfo!" ni Akọ̀wé kígbe láti ẹ̀gbẹ́ pápá, inú rẹ̀ dùn dé ẹsẹ̀. "Màmá, ẹ rí i? Mẹ́rin!"

"Mo rí i. Ṣé o ti kọ ọ́?"

"Kọ kí ni?"

"Kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ gbá wa ní mẹ́rin. Fi orúkọ wa síbẹ̀, kó hàn gbàgàdà. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kò lè pàdánù níbẹ̀."

Akọ̀wé fa ìwé yọ, ó kọ ọ́. Ìyá Pápá ti di ọwọ́ Pẹ́pẹ́yẹ mú, ọmọ náà ń sunkún, màmá ń fà á wọ àárín pápá níbi tí àwọn tó borí ti ń jó. Ó wọ àárín wọn, ó gba ijó lẹ́sẹ̀ wọn, ó sì gbé orin tirẹ̀ sókè ju tiwọn lọ:

Ẹ gbá wa, a ò kú o,
A ṣì wà nínú ẹgbẹ́.
Ẹ tún padà wá gbá wa,
Ibí lẹ ó bá wa.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ Ojú Irin fi ń gbe orin náà, láìmọ̀ pé àwọn ni orin ń pè níjà.